Níbo ni mo ti lè rí èédú ilẹ̀ àti irinṣẹ́ àlòkù rà ní Àkúrẹ́ fún àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ọmọ Ilé Àrọ, Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ ni mí, Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé. Bàbá bàbá mi ṣe àgbẹ̀dẹ ní Ìdànrè títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá mi ò kọ́ ọ, ìwé ni wọ́n fi sí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá màmá àgbà mọ́, mo rí ẹ̀mú méjì, èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú, àti ọmọ owú kan nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wọn ti dípẹtà. Mo gbé wọn wálé, mo fi yanrìn àti epo ha wọ́n. Nígbà tí ìpẹtà náà ṣí kúrò, mo rí ibi tí ọwọ́ bàbá àgbà ti máa ń di ẹ̀mú náà mú. Irin ibẹ̀ ti jẹ wọnú, ó sì ń dán. Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

N kò fẹ́ fi jẹun. Mo kàn fẹ́ máa lu irin ní Sátidé sí Sátidé, kí iná yẹn tún jó nílé wa.

Ìṣòro mi méjì rèé. Nínú gbogbo fídíò tí mò ń wò, èédú ilẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń lò, èyí tí wọ́n ń wà nínú kòtò. Mo ti yí Ọjà Ọba po, èédú igi tí alásè ń rà ni gbogbo ènìyàn ń nà sí mi. Awakọ̀ kan ní òun lè bá mi gbé èédú ilẹ̀ wá láti Kogí, àmọ́ owó ọkọ̀ ju owó ọjà lọ. Èkejì ni áńfìlì, irin ńlá tí a ń gbé iṣẹ́ lé lù. Tuntun tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó oṣù mi méjì kò ká a. Ta ló mọ ibi tí a ti lè rí àlòkù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú.

Bàbá Ewìrì, Oǹdó

Ọmọ mi, o káre. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ẹ̀mú yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin kan ibi tó jẹ wọnú yẹn o. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èédú, ohun tí ò ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò rẹ. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń lu irin. Ọkọ́, àdá, ààké, dòjé tí wọ́n fi ń já kòkó, èédú igi ni mo fi ṣe gbogbo wọn. Èédú igi náà ni àwọn bàbá wa fi yọ irin jáde lára òkúta kí òyìnbó tó gbé irin tiwọn dé. Ta ló wá sọ fún ọ pé kò tó iná?

Àmọ́ èédú ju èédú lọ. Èyí tí wọ́n fi igi fúyẹ́fúyẹ́ sun, ńṣe ni wàá kàn máa da àpò lé àpò. Béèrè èédú igi ayìn, èyí tí wọ́n ń kó wá láti apá Òkè-Ògùn àti Kwara. Mú ẹyọ méjì, fi wọ́n lu ara wọn. Bó bá dún bí àwo tánganran, rà á. Bó bá dún pòkù bí igbá, fi í sílẹ̀. Ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì, wo ojú rẹ̀. Ó yẹ kó máa dán.

Má sì ra èyí tó gùn gbọọrọ, tí alásè ń jà sí. Ìsàlẹ̀ àpò, ibi tí èédú ti fọ́ wẹ́wẹ́, tí oníbàárà kì í fẹ́ wò, ìyẹn gan-an ni tiwa. Ìyá eléèédú yóò ta á fún ọ lówó pọ́ọ́kú, nígbà mìíràn wọn á ní kí o kàn kó o. Fi asẹ́ jọ̀ eruku rẹ̀ dànù, kó ṣẹ́kù èyí tó tó orógbó. Bó bá tóbi jù, afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀ kọjá, irin rẹ ò ní pọ́n. Kó o ga lé ẹnu ewìrì, ohun tí a fi ń fẹ́ iná, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka mẹ́rin. Àwọn tí wọ́n ń kùnà, èédú wọn kì í jìn tó. Irin wọn á wà lójú afẹ́fẹ́, á máa jóná, á máa yọ èépá. Wọ́n á wá ní èédú igi ò dáa.

Fi omi wọ́n etí iná, kó má bàa ràn ju ibi tí o nílò lọ. Àpò kan á tó ọ lò fún Sátidé méjì, bóyá mẹ́ta.

Ọmọ Irin FUTA

Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Ìmọ̀ nípa irin ni mò ń kọ́ ní FUTA, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Bítúmẹ̀nì ni tiwa, ní Àgbàbù àti apá Òde-Ìrèlè, ìyẹn ò sì wúlò nínú àrọ. Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èédú ilẹ̀ lọ́dún 1909. Ó tún wà ní Okaba ní Kogí, ní Owukpa ní Benue, àti ní Lafia-Obi ní Nasarawa. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ òyìnbó fẹ́ràn máa ń rọ̀ nínú iná, á lẹ̀ mọ́ra, á wá di kóòkì (èédú ilẹ̀ tí ẹ̀fín rẹ̀ ti jó kúrò), ihò iná á sì dúró bí ìtẹ́ ẹyẹ. Èédú Enugu àti ti Okaba kì í lẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ti Lafia-Obi ni a mọ̀ tó lè di kóòkì. Èyí já sí pé, bí awakọ̀ yẹn bá tilẹ̀ gbé e wá láti Kogí, kì í ṣe ohun tí ẹ rí nínú fídíò lẹ máa rí nínú iná yín.

Ẹ rántí pé àwọn òyìnbó pàápàá, èédú igi ni wọ́n fi ń yọ irin tẹ́lẹ̀. Ọdún 1709 ni Abraham Darby bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóòkì ní Coalbrookdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí èédú igi ti ń wọ́n wọn.

Ohun kan tún wà. Èédú ilẹ̀ máa ń ní imí-ọjọ́ nínú, imí-ọjọ́ sì jẹ́ ọ̀tá irin, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ fi iná so irin méjì pọ̀. Ó tún máa ń ṣẹ́ ìdàrọ́ sí ìsàlẹ̀ iná, á dí ẹnu afẹ́fẹ́. Èédú igi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní imí-ọjọ́ rárá, eérú fúlẹ́fúlẹ́ ló máa fi sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé sí i dáadáa, ó máa gbóná ju 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Irin tí ẹ fẹ́ lù kò béèrè jù bẹ́ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Ìkàrẹ́

Mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ti lò ó. Mo máa ń gba Ìkàrẹ́ lọ sí Òkéné, mo máa ń dé Lọ́kọ́ja. Mo gbé àpò mẹ́ta èédú ilẹ̀ Kogí bọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àna mi tó ń rọ ẹ̀rọ oko. Nítorí ọkọ̀ tèmi ni, owó ọkọ̀ ò dun wá.

Ẹ̀fín ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Ó yọ bíi ti táyà, ó pupa rúsúrúsú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Obìnrin ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ, ó ní láti tún gbogbo ẹ̀ fọ̀. Àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ̀fín náà lọ, iná tó ṣẹ́kù sì pẹ́ gan-an. Èédú igi tó yẹ kó ti tán lẹ́ẹ̀mejì, èyí ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí àrọ rẹ̀ bá wà lóko, tó sì ní ọkọ̀ tó ń ti apá ibẹ̀ bọ̀ lófìfo, ó lè lò ó. Kó fi èédú igi dá iná náà kalẹ̀ ná, kó wá máa ti èédú ilẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Ọ̀bà-Ilé tí ilé fẹnu kora yẹn, ẹ má dán an wò.

Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́, Ilé-Olújì

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ̀ ń sọ ti èédú, ẹ gbàgbé èèpo ẹ̀kùrọ́.

Níbi tí a ti ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, èèpo rẹ̀ á ga bí òkìtì ọ̀gán lẹ́yìn ẹ̀rọ. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa, ọmọ ló máa ń rán wá pẹ̀lú bárò. Tẹ́lẹ̀, a máa ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ní báyìí tí àwọn mìíràn ti ń rà á, a jọ ṣe àdéhùn: èmi á fún un ní bárò kan, òun náà á bá mi pọ́n gbogbo ọ̀bẹ àti àdá ilé. Lọ bá àwọn tí ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ lágbègbè yín, má mú owó jáde ná, béèrè ohun tó ti kán lọ́wọ́ wọn.

Kó gbẹ dáadáa o. Èyí tí òjò ti pa, ẹ̀fín nìkan lẹ máa rí. Má sì lò ó lóun nìkan, ọwọ́ iná rẹ̀ máa ń ga sókè fììì nítorí epo tó kù lára rẹ̀. Bù ú lé èédú tó ti ràn, bí ìwọ̀n agolo mílíìkì kan sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti jó tán tó di pupa, òun náà ti di èédú nìyẹn, ó sì le ju ti igi mìíràn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, Àkúrẹ́

Èmi á sọ ti irinṣẹ́, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Àbúrò, gbàgbé áńfìlì oníwo. Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Ààrọ̀ ni kó o lọ, kí ọkọ̀ tó ń kó o lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ ọ tó dé. Ohun tí ò ń wá ni irin tó ki, tó wúwo, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ààsìlì tírélà tó ní orí pẹrẹsẹ dára púpọ̀: bí o bá rì í mọ́ inú kùkùté igi, tí orí pẹrẹsẹ náà wà lókè, ó di áńfìlì. Orí òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta náà dára. Rì í sínú igi, kí ojú kan wà lókè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe kò ju ojú yẹn lọ.

Mo máa ń fi bọ́ọ̀lù bíárìn kan (bọ́ọ̀lù irin kékeré) sápò bí mo bá ń lọ síbẹ̀. Bí mo bá rí irin tó wù mí, mo máa nu ojú rẹ̀, màá gbé bọ́ọ̀lù náà sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, màá sì jù ú sílẹ̀. Bó bá ta padà sókè ju ìdajì lọ, irin líle ni, mo ti rí tèmi. Bó bá kú sílẹ̀ bí ẹni ju òkúta sínú amọ̀, irin rírọ̀ ni. Ìyẹn náà ṣì wúlò o, àmọ́ òòlù rẹ á máa dá ojú sí i lára, owó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ pọ̀. Bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì ńkọ́? Má rà á. Irin dídà ni, á fọ́ lọ́jọ́ tí o bá fi gbogbo agbára lù ú.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú irin ojú irin rélùwéè wá bá ọ, ronú o. Ojú irin kò gba Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó kọjá. Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin ló gbà. Níbo lonítọ̀hún ti rí tirẹ̀? Wọ́n ń tú u jí gbé, ọkọ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀ ló sì máa kọjá níbẹ̀. Má fi owó rẹ kún un.

Fáìsì àlòkù, irinṣẹ́ tí a fi ń fún nǹkan mọ́lẹ̀ kó má mì, mo ti jìyà rẹ̀. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ní ọ̀dà búlúù, ó ń dán, mo sanwó láìjanpata. Ọjọ́ kejì tí mo fún un le, ẹnu rẹ̀ la sí méjì. Ó ti la tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹpọ́sì dí i, wọ́n wá kun ún. Láti ìgbà náà, mi ò ra ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn mọ́. Èyí tó dípẹtà ni mo ń rà, torí ìpẹtà kì í fi nǹkan pamọ́. Fi èékánná tẹ̀ lé gbogbo ọrùn rẹ̀. Yí ìdè rẹ̀ jáde pátápátá, wo eyín rẹ̀ ní àárín, ibẹ̀ ló máa ń jẹ jù. Lẹ́yìn náà fi ọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì bí eyín àgbà, máa lọ.

Ti irin tí wàá lù: ní ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, rọ́ọ̀dù mílímítà 12 tí wọ́n gé kù máa ń wà nílẹ̀. Fi ìyẹn kọ́wọ́. Sípírìn ọkọ̀ ni kó o fi ṣe ọ̀bẹ àti àdá bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn. Òòlù tó tó kílò kan ti tó ọ.

Ọmọ Irin FUTA

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Kí n kàn fi kún un pé rọ́ọ̀dù ìkọ́lé kì í dọ́gba, torí irin àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n yọ́ pọ̀. Ẹ má retí kó le bí ẹ bá rì í sómi. Sípírìn ọkọ̀ máa ń le. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná: bí irin bá ti pọ́n dé ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé e mọ́, ìyẹn nǹkan bí 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ fi kún un díẹ̀ sí i, kí ẹ tó tì í bọ epo. Epo o, kì í ṣe omi. Sípírìn tí wọ́n rì sómi lè dún pà, kó sì la.

Ọmọ Ilé Àrọ, Àkúrẹ́

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ìyá eléèédú, òótọ́ ni bàbá sọ: gbogbo ìsàlẹ̀ àpò mẹ́rin ni wọ́n dà jọ fún mi, owó àpò kan péré ni mo san.

Ìbéèrè méjì ló kù. Mo fẹ́ ṣe ojú iná náà pẹ̀lú símẹ́ǹtì, kí n sì fi páìpù omi gálúfánáìsì tó wà nílé gbé afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ṣé ó dára? Afẹ́fẹ́ ńkọ́, ìná mànàmáná wa kì í dúró.

Bàbá Ewìrì, Oǹdó

Ọmọ mi, dúró níbẹ̀! Má ti símẹ́ǹtì bọnú iná. Á bú gbàù, á ta sí ọ lójú. Amọ̀ ilé ọ̀gán ni kó o wà, fi yanrìn díẹ̀ àti eérú pò ó, mọ ọ́n sínú rìímù mọ́tò àlòkù, jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan níbòji kó o tó dáná sí i.

Ọmọ Irin FUTA

Páìpù gálúfánáìsì yẹn, ẹ gbé e kúrò pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Síǹkì ni wọ́n fi bò ó. Síǹkì máa ń hó ní 907 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojú iná yín sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èéfín funfun tó máa yọ jáde, bí ẹ bá fà á símú, lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ máa máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Páìpù dúdú lẹ wá. Ẹ má sì dáná náà nínú yàrá tàbí gáréèjì tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èédú tó ń jó ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò sì ní ẹ̀fín. Oorun lásán ló máa dà bíi pé ó ń kun èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, Àkúrẹ́

Ti afẹ́fẹ́: lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú mọ́tò, ra fáànù ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀, bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, NEPA ò kàn ọ́. Fi ìdérí agolo ṣe ilẹ̀kùn sẹ́nu páìpù náà, kó o lè máa dín afẹ́fẹ́ kù. Fún èédú igi, díẹ̀ ló tó. Bí o bá rí i tí ẹ̀ta iná ń fò bí ìgbà tí wọ́n ń yin nọ́kààù, ó ti pọ̀ jù.

Bàbá Ewìrì, Oǹdó

Fáànù dára, mi ò bá a jà. Èyí tí wọ́n fi rìímù kẹ̀kẹ́ yí náà dára, òun ni mo ń lò láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ní ẹ̀mú bàbá rẹ àgbà, ó yẹ kó o mọ ewìrì. Ọpọ́n méjì tí wọ́n gbẹ́ mọ́ra ni, wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ bo ojú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á so igi mọ́ ọn láàárín. Bí o bá ń fà á lọ́tùn-ún lósì, iná á máa mí bí ẹni tó sùn. O ò ní fi ojú wá bí iná ṣe gbóná tó mọ́, apá rẹ á ti mọ̀ ọ́n. Máa bọ̀ ní Oǹdó ní Sátidé.

Ọmọ Ilé Àrọ, Àkúrẹ́

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Sátidé àkọ́kọ́, bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Ewìrì ni mo fà láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, apá mi wú. Sátidé kejì ni wọ́n fún mi ní rọ́ọ̀dù. Àkọ́kọ́, mo gbàgbé ẹ sínú iná, orí rẹ̀ ń ta ẹ̀ta funfun, ó já sínú èédú. Èkejì ni mo fi ṣe ìkọ́ kan tó tẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ẹ̀mú bàbá àgbà ni mo fi dì í mú. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú ibi tó jẹ wọnú yẹn gẹ́lẹ́. Mo ti gbé ìkọ́ náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìdànrè, bàbá mi sì ti gbé fìlà wọn kọ́ ọn.

Ọpọ́n ewìrì tèmi ti ń lọ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Awọ ló kù. Èyí tí mo rà lọ́jà, ọ̀bẹ ti lu ihò sí i níbi méjì. Ìyá mi, ẹ bá mi wá ọ̀nà sí i.

Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́, Ilé-Olújì

Ìsìnkú kan ń bọ̀ ládùúgbò wa lọ́jọ́bọ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ pa. Mo ti bá alápatà sọ ọ́ pé kí wọ́n má sun ún ní irun, kí wọ́n rọra bó o. Wá gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú, kó má bàa rùn.

Bàbá Ewìrì, Oǹdó

Fi iyọ̀ pa á kí o tó gbé e kúrò níbẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀, rẹ ẹ́ sómi eérú kí irun rẹ̀ lè ṣí. Mú un bọ̀ ní Sátidé, mú okùn ọ̀rá tó lágbára dání.